Ọkọ̀ ojú irin lára owó onírin: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Lafẹ́nwá ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi wọ iṣẹ́ rélùwéè ní 1966, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin kan ní Kútọ̀ fi owó onírin ńlá kan hàn mí, tó ní ọkọ̀ ojú irin lójú, tó ń dán bíi wúrà, tó sì wà nínú àpótí kékeré aláṣọ múlọ́múlọ́. Ó ní wọ́n ṣe é fún ìrántí ìtàn ọkọ̀ ojú irin, pé 85,000 náírà ni, àti pé yóò di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún díẹ̀. Mo fẹ́ rà á ní ìrántí bàbá mi. Ṣé owó gidi ni? Ṣé wúrà ni? Àwọn orílẹ̀-èdè wo ló sì ń ṣe irú rẹ̀? Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó fi owó sílẹ̀. Mo yẹ àwòrán méjèèjì wò dáadáa. Ojú kan ní ọkọ̀ ojú irin elédùú tí èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ojú kejì ní kẹ̀kẹ́ irin tí ewé yí ká, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó ń yin ìtàn ọkọ̀ ojú irin. N kò rí orúkọ orílẹ̀-èdè kankan lára rẹ̀, n kò rí àmì ìjọba tàbí àwòrán olórí ìlú, n kò sì rí iye owó tó dúró fún. Nítorí náà, kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, kì í ṣe owó. Àmì ìrántí onírin ni, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ẹ̀rọ ìtẹ̀rin ló lè ṣe irú rẹ̀. Ní ti wúrà, màá ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè fi ọwọ́ ara yín dán an wò.

Àṣẹ ló ń sọ irin di owó. Ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, òfin ti yan ẹni tó lè gbé owó jáde. Ní tiwa, òfin Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 fi àṣẹ náà sí ọwọ́ báǹkì yẹn nìkan. Àjọ rélùwéè fúnra rẹ̀, bó ti wù kó ti pẹ́ tó, kò lè rọ owó. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò lè rọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ, wọ́n lè tẹ báàjì, wọ́n lè tẹ àmì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè di owó nínú wọn. Àmì tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin sí lójú láìsí àṣẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ife oníke tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó, tí àwòrán olóyè tuntun wà lára rẹ̀: ó lè lẹ́wà, ó sì lè wúlò fún ìrántí, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò ní gbé e lọ sí báǹkì.

Owó ìrántí tí àṣẹ wà lẹ́yìn rẹ̀ náà pín sí oríṣi méjì, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣòwò máa ń gbà da ojú ọ̀rọ̀ rú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Oríṣi kìíní ni èyí tí àwọn ará ìlú ń ná lọ́jà: ìwọ̀n rẹ̀, irin tí wọ́n fi rọ ọ́ àti iye rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti owó ojoojúmọ́, àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Oríṣi kejì ni èyí tí ilé ìrọwó ń ṣe fún àwọn tó ń kó owó jọ, tó sábà máa ń jẹ́ fàdákà tàbí wúrà, tí wọ́n sì ń tà ní iye tó ju èyí tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Lábẹ́ òfin, owó ni òun náà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ẹni tó máa fi ra búrẹ́dì. Àwọn erékùṣù kéékèèké kan wà, bíi Niue àti Tuvalu, tó jẹ́ pé ilé ìrọwó tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn ló ń bá wọn rọ irú owó bẹ́ẹ̀ ní orúkọ wọn, tí ẹyọ kan nínú rẹ̀ sì lè má dé ọwọ́ ará erékùṣù náà láéláé. Ojúlówó ni lábẹ́ òfin. Bóyá ó kàn yín ni kẹ́ ẹ bi ara yín.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni màá ti mú àpẹẹrẹ oríṣi kìíní. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1804, ẹ́ńjìnnì kan tí Richard Trevithick ṣe fa tọ́ọ̀nù irin 10 àti nǹkan bí ènìyàn 70 láti ilé iṣẹ́ irin Penydarren ní ilẹ̀ Wales lọ sí Abercynon, ìrìn tó lé ní kìlómítà 15. Ní 2004, nígbà tí ó pé 200 ọdún, Royal Mint, ilé ìrọwó ìjọba wọn, fi ẹ́ńjìnnì náà sí ẹ̀yìn owó pọ́n-ùn méjì. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àárín rẹ̀ funfun nítorí pé bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni. Òrùka tó yí i ká pọ́n bí idẹ nítorí pé síǹkì wọ inú bàbà tirẹ̀. Gíráàmù 12 ni ìwọ̀n rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 28.4. Orúkọ Trevithick wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọdún méjèèjì, 1804 àti 2004. Bí ẹ bá sì dá a dúró, tí ẹ wo etí rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, ẹ ó rí ìlà kan tí wọ́n fín yí i po, tó ń tẹ̀ kọrọdọ-kọrọdọ bí ẹsẹ̀ afárá tí ọkọ̀ ojú irin ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í sábà ráyè etí. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ó lé ní mílíọ̀nù 5 ẹyọ tí wọ́n rọ nínú owó Trevithick yìí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, láàárín àwọn tó ń kó owó jọ, ẹyọ rẹ̀ tó ti rìn lọ́jà kì í sábà ju pọ́n-ùn díẹ̀ lọ títí di òní. Ó jẹ́ ojúlówó, ìjọba ló rọ ọ́, ìtàn tó gbé dání sì wúwo ju ti ọ̀pọ̀ owó lọ, síbẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó.

Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n fi afárá ọkọ̀ ojú irin Forth ti ilẹ̀ Scotland sí owó pọ́n-ùn kan, ṣùgbọ́n irú pọ́n-ùn kan rìbìtì bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ná mọ́ láti oṣù kẹwàá 2017. Ní 2006, Isambard Kingdom Brunel, ẹnjiníà ojú irin, bọ́ sórí owó pọ́n-ùn méjì kan, òrùlé ibùdókọ̀ Paddington tó kọ́ sì bọ́ sórí òmíràn. Ní 2013, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ London pé 150 ọdún, oríṣi méjì ni wọ́n ṣe, wọ́n sì kọ MIND THE GAP, ìkìlọ̀ tí àwọn èrò ibẹ̀ ń gbọ́ lójoojúmọ́, sí etí ọ̀kan nínú wọn. Mo gba ti ẹni tó ro ìyẹn, ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Jámánì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ojú irin wọn àkọ́kọ́, èyí tí ẹ́ńjìnnì Adler fà, gbéra láti Nuremberg lọ sí Fürth ní oṣù kejìlá ọdún 1835. Owó máàkì 5 jáde fún 150 ọdún rẹ̀ ní 1985, owó yúrò 10 sì jáde fún 175 ọdún rẹ̀ ní 2010. Wọn kò ná máàkì mọ́ láti 2002, síbẹ̀ báǹkì àpapọ̀ Jámánì ṣì ń gbà á padà láìdá ọjọ́ tí yóò dópin, ní máàkì 1.95583 sí yúrò kan, tó fi jẹ́ pé owó ìrántí 1985 yẹn yóò mú yúrò 2.56 wá fún ẹni tó bá gbé e lọ. Kò sí báǹkì kankan láyé tó jẹ ẹni tó ni àmì Kútọ̀ ní kọ́bọ̀.

Íńdíà ṣe owó rúpì 2 ní 2003, fún 150 ọdún ọkọ̀ ojú irin wọn tó kọ́kọ́ rìn láti Bombay lọ sí Thane ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 1853. Erin kan tí wọ́n ń pè ní Bholu ló wà lórí rẹ̀, tó gbé àtùpà dání bí òṣìṣẹ́ rélùwéè. Kánádà ṣe dọ́là fàdákà ní 1981 fún ojú irin tó so òkun ìlà-oòrùn wọn mọ́ ti ìwọ̀-oòrùn, ìdajì fàdákà, ìdajì bàbà, gíráàmù 23.3. Ọsirélíà ṣe tirẹ̀ ní 2017, fún 100 ọdún ojú irin tó la aṣálẹ̀ wọn kọjá.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè èyí tó dára jù lójú mi, ti Ọ́stríà ti ọdún 2004 ni. Yúrò 25 ni wọ́n kọ sí i lára, wọ́n sì ṣe é fún 150 ọdún ojú irin Semmering, èyí tí Carl von Ghega fi ọdún mẹ́fà kọ́, láti 1848 sí 1854, gba àárín òkè ńlá Alps. Òrùka tó yí i ká jẹ́ fàdákà. Àárín rẹ̀ jẹ́ irin kan tó ń jẹ́ níóbíọ́mù, ó sì ní àwọ̀ ewé bí igbó orí òkè. Kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n kùn ún. Inú omi oògùn ni wọ́n ti fi iná mànàmáná gba ara irin náà kọjá, títí awọ tín-ín-rín kan fi yọ lójú rẹ̀; bí ìmọ́lẹ̀ bá kan awọ yìí, ó ń padà wá ní àwọ̀ kan pàtó, bí awọ náà bá sì ṣe nípọn sí ni àwọ̀ ṣe ń yí láti búlúù dé àwọ̀ ewé. Ẹ yí i síwájú fèrèsé, ẹ ó rí i tí àwọ̀ náà ń jinlẹ̀, tó tún ń fúyẹ́. 50,000 ẹyọ péré ni wọ́n rọ, àwọn ènìyàn sì ń rà á ní iye tó ju fàdákà inú rẹ̀ lọ dáadáa. Irú owó yúrò olùkójọ báyìí, orílẹ̀-èdè tó rọ ọ́ nìkan ló ti jẹ́ owó lábẹ́ òfin. Kò rí bíi yúrò 2 ìrántí tí wọ́n ń ná káàkiri gbogbo ilẹ̀ yúrò.

Tiwa ńkọ́? Nínú gbogbo owó onírin tí a ti ná ní Nàìjíríà láti 1959, kò sí èyí tó ní ọkọ̀ ojú irin lójú. Owó bébà ni a sábà fi ń ṣe ìrántí ńlá: náírà 50 ti ọdún 2010 fún àádọ́ta ọdún òmìnira, náírà 100 ti ọdún 2014 fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n so gúúsù àti àríwá pọ̀. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí pé ìtàn wà nílẹ̀ tó tó rọ sórí owó. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ojú irin ní 1896. Ní oṣù kẹta ọdún 1901, Gómìnà William MacGregor ṣí i dé Ìbàdàn. Abẹ́òkúta ló wà láàárín, ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ṣì ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ nígbà náà, títí di 1914. Ojú irin tóóró tó fẹ̀ ní mìlímítà 1,067 ni ìgbà yẹn. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pe ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, fẹ̀ ní mìlímítà 1,435. Bí Báǹkì Àpapọ̀ bá fẹ́ ṣe owó ìrántí lọ́jọ́ kan, afárá ojú irin orí odò Ògùn ni èmi yóò dìbò fún, kì í ṣe orí ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ayé ti yà tán.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ti Kútọ̀ àti wúrà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ orí irú àmì bẹ́ẹ̀ jẹ́ wúrà tí wọ́n fi bò ó lásán. Àmì tó fẹ̀ ní mìlímítà 40, tí wúrà ojú rẹ̀ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírónì (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), wúrà tó wà lára rẹ̀ lápapọ̀ kò tó 0.01 gíráàmù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ bẹ ọkùnrin náà kí ẹ jọ lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà tó ní òṣùwọ̀n kékeré oníná. Ẹ wọn àmì náà, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, ẹ dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, ẹ fi òwú so àmì náà, kí ẹ sì rọra rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà nígbà yẹn ni ẹ ó fi pín ìwọ̀n àkọ́kọ́, èsì náà ni yóò fi irú irin tó jẹ́ hàn. Ká sọ pé àmì náà wúwo ní gíráàmù 31.1: bí ó bá jẹ́ wúrà pọ́ńbélé, òṣùwọ̀n yóò ka nǹkan bí 1.6, bí ó bá jẹ́ fàdákà, nǹkan bí 3.0, bí ó bá jẹ́ bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì, nǹkan bí 3.5, bí ó bá sì jẹ́ idẹ, yóò lé díẹ̀ sí 3.6. Omi kò ba irin jẹ́, ẹ ṣáà fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láì nù ún.

Àwọn kan máa ń fi òòfà dán an wò. Òòfà wúlò, nítorí pé wúrà àti fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Idẹ náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn, owó máàkì 5 ti 1985 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì ní níkẹ́ẹ̀lì ní àárín, tí òòfà yóò fi fà á, bẹ́ẹ̀ ojúlówó ni. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àpótí aláṣọ tàbí ìwé ẹ̀rí tàn yín jẹ. Ìwé ẹ̀rí tó níye lórí ni èyí tó sọ orúkọ ilé ìrọwó, orílẹ̀-èdè, irin tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ẹyọ tí wọ́n rọ, tí gbogbo rẹ̀ sì bá ohun tí òṣùwọ̀n sọ mu.

Nípa ìlọ́po mẹ́ta tó ṣèlérí, kò sí ẹni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Iye owó ìrántí máa ń tẹ̀ lé irin inú rẹ̀, bí ẹyọ rẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó, bí ara rẹ̀ ṣe mọ́ tó, àti bí àwọn tó ń wá a ṣe pọ̀ tó. Ìkẹyìn yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa jèrè: ẹni tó máa ra owó Trevithick tàbí ti Semmering lọ́wọ́ yín kò sí ní Ìtòkú, ìlú òkèèrè ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi wúrà pa owó mọ́, kí ó ra wúrà tó ṣeé wọ̀n. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè náà kì í sábà gba onírin.

Bí ẹ bá wá ní èyíkéyìí, ẹ má fi iyanrìn, eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń fọ ìkòkò idẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n fífọ̀ ń ha ojú owó, olùkójọ tó bá sì rí àpá rẹ̀ yóò gé iye rẹ̀ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Etí ni kí ẹ máa fi ìka dì mú. Ẹ yẹra fún àpò ọ̀rá rírọ̀ tó máa ń rùn bí ike tuntun. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, yóò tú omi aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ pẹ́kipẹ̀ki sójú irin.

Èwo ni èmi yóò wá rà ní ìrántí bàbá yín? Ẹ sọ pé 1966 ni wọ́n wọ iṣẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà àti kọ́bọ̀, ìyẹn ni pé pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi san owó oṣù wọn fún nǹkan bí ọdún méje. Àwọn owó onírin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959 ló wà níta nígbà náà: òwú wà lára tọ́rọ́, kòkó lára sísì, ọ̀pẹ lára ṣílè, ẹ̀pà lára ṣílè méjì. Ẹ̀pà àti kòkó yẹn gan-an ni ọkọ̀ ojú irin ń kó wá sí èbúté, ẹ̀pà láti Kánò, kòkó láti ilẹ̀ Yorùbá, bàbá yín sì lè ti rí àpò wọn ní Lafẹ́nwá. Wọn kò wọ́n, wọ́n ṣì wà nínú àpótí àwọn ìyá àgbà káàkiri Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá ń wá wọn, ẹ fojú sílẹ̀ fún ọ̀níní oníhò àti ṣílè ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ọdún rẹ̀ bọ́ sí àárín 1913 sí 1920, nítorí pé fàdákà tó mọ́ dé ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún lè wà lára àwọn kan nínú ṣílè wọ̀nyẹn. Èyí tó pupa bí idẹ lẹ́yìn ìgbà náà kò ní fàdákà rárá. Ẹ kó wọn jọ pẹ̀lú báàjì iṣẹ́ bàbá yín, ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn, àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ bí ẹ bá rí i.

Bí ọkàn yín bá ṣì fà sí àmì Kútọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, kò burú, ojú ẹ́ńjìnnì náà dára. Ẹ kàn ná an gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ má san kọ́bọ̀ kan nítorí wúrà tàbí nítorí ọjọ́ iwájú. Bí ó bá sì kọ̀ láti tẹ̀ lé yín dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.